Python kú mọ́ mi lọ́wọ́: ṣé ẹ̀bi èdè náà ni, àbí tèmi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fa kóòdù Python 3.12 wálẹ̀, mo sì kọ́ ọ fúnra mi lórí Ubuntu. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ pip, irinṣẹ́ tó ń fa module wálẹ̀, ń sọ pé module ssl kò sí. Mo tún fi èdè C kọ module kékeré kan tó ń ka iye àmì ohùn inú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí mo bá fi None tàbí nọ́ńbà kéékèèké dán an wò, kì í ṣe nǹkan kan. Bí mo bá fún un ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú kóòdù, ó máa ń dáhùn, á wá kú nígbà tí pùrógíráàmù bá fẹ́ parí. Bí mo bá ka ọ̀rọ̀ láti inú fáìlì, kì í pẹ́ rárá tó fi ń kọ “Segmentation fault”. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń sọ pé àmì kan ṣoṣo ló wà nínú “ọ̀nà”, pé kò sí ìkankan nínú “bàtà”. Mo fi kóòdù náà sínú lẹ́tà yìí. Ṣé bug Python ni kí n fi tó wọn létí? Mo sì fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń bá wọn ṣe iṣẹ́ Python fúnra rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìforítì. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì dùn, torí o ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: o sọ ìgbà tó ń kú, o sì sọ ìgbà tí kì í kú. Inú ìyàtọ̀ méjèèjì yẹn ni ojútùú wà. Kí n tètè dá ọ lóhùn: kò sí bug Python nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀. Ti ssl jẹ́ ohun èlò tí kò pé lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ti kíkú yẹn jẹ́ ìlà kan ṣoṣo nínú kóòdù C rẹ. Ti àmì ohùn jẹ́ ọ̀rọ̀ bí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ṣe ń kọ èdè wa. Má tíì kọ nǹkan kan sí wọn. Àmọ́ fara balẹ̀ bá mi dé ìparí, torí ọ̀nà tí a ó gbà mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn, òun náà ni wàá máa gbà bí o bá fẹ́ di ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú Python.

Kí á tibi ssl bẹ̀rẹ̀, òun ló rọrùn jù. Python tí o fà wálẹ̀ kò gbé OpenSSL dání, ìyẹn kóòdù tí module ssl fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí o bá sọ ./configure, ó ń wá a kiri ẹ̀rọ rẹ. Bí kò bá rí i, kò ní dúró. Á kọ́ gbogbo ìyókù, á sì fo _ssl kọjá. Ó máa ń sọ ọ́ ní òpin make, pé “The necessary bits to build these optional modules were not found”, á sì to orúkọ àwọn tó fò sísàlẹ̀. Ìlà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà, torí àìmọye ìlà ló ti kọjá lójú wọn kí ó tó dé. Máa kà á ní gbogbo ìgbà. Lórí Ubuntu, OpenSSL lè ti wà kí header rẹ̀, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ inú rẹ̀, má sì sí, header yẹn gan-an ni compiler C ń fẹ́. Inú libssl-dev ló wà. Láti Python 3.10 wá, OpenSSL 1.1.1 ló kéré jù tó ń gbà. Ṣe báyìí:

```
sudo apt install build-essential libssl-dev libffi-dev zlib1g-dev \
    libbz2-dev liblzma-dev libsqlite3-dev libreadline-dev
make distclean
./configure --with-pydebug
make -j4
./python -c "import ssl; print(ssl.OPENSSL_VERSION)"
```

Wò ó pé mo tún ./configure sọ lẹ́yìn tí libssl-dev ti wọlé. Ẹni tó bá kàn tún make tẹ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, torí ohun tí configure rí lánàá ni make ṣì ń tẹ̀lé. --with-pydebug ń mú kí Python lọ́ra, kì í ṣe èyí tí wàá fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí a ń gbé níbi tí iná ti ń lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí make ń lọ lọ́wọ́, make máa ń bẹ̀rẹ̀ padà láti ibi tó dé, ìyẹn dára. Àmọ́ fáìlì .o tó ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà lè wà nílẹ̀ ní òfìfo. Make á rí orúkọ rẹ̀, á rò pé ó ti parí, linker á wá máa pariwo pé “file not recognized”. Ọ̀pọ̀ ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nítorí èyí, tí wọ́n tún fi data fa ohun tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Kò nílò bẹ́ẹ̀. Tẹ `find . -name '*.o' -size 0 -delete`, kí o sì tún make tẹ̀.

Jọ̀wọ́, má ṣe `make install`. Ó máa fi python3 tuntun sínú /usr/local/bin, èyí ni ẹ̀rọ rẹ á kọ́kọ́ máa rí dípò èyí tí Ubuntu gbé wá. Bí o bá fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ìlò, `make altinstall` ni kí o lò, torí python3.12 nìkan ni ìyẹn ń fi síbẹ̀. Fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí, ./python inú fódà náà tó.

Ó wá ku èyí tó ń pa Python rẹ. Python tí ìwọ àti èmi ń lò, CPython ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe é, torí èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́. Guido van Rossum ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kejìlá ọdún 1989 ní ilé ìwádìí CWI ní Amsterdam, ó sì jáde síta ní 1991. Láti ìgbà náà ni ohun kan ti wà nínú rẹ̀ tí kò kúrò: gbogbo nǹkan inú Python, ì báà ṣe ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tàbí list, ló ní òǹkà kan lára tó ń sọ iye àwọn tó dì í mú. Bí ẹnìkan bá dì í mú, Py_INCREF á fi ọ̀kan kún un. Bí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, Py_DECREF á yọ ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí òǹkà bá di òdo, CPython á gba àyè náà lójú ẹsẹ̀, á sì gbé nǹkan mìíràn síbẹ̀. Bí o bá ń kọ Python lásán, òǹkà yìí kò kàn ọ́. Bí o bá ti wọ inú C, ọwọ́ rẹ ló wà.

Kóòdù tí o fi ránṣẹ́ rèé, mo mú ibi tó kan ọ̀rọ̀ wa:

```
for (Py_ssize_t i = 0; i < n; i++) {
    PyObject *oro = PyList_GetItem(akojo, i);
    if (PyUnicode_Check(oro))
        iye += ka_ami(oro);
    Py_DECREF(oro);
}
```

PyList_GetItem kò fún ọ ní ọ̀rọ̀ náà, ó yá ọ ni. List ló ṣì ni ín. Òǹkà kò lọ sókè nígbà tí o gbà á, ìwọ sì yọ ọ̀kan nígbà tí o ṣe tán. Ó dà bíi pé o yá àdá aládùúgbò rẹ, o fi ṣán oko tán, o wá lọ tà á. Aládùúgbò rò pé àdá òun ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tó bá nawọ́ síbẹ̀ ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀, ìwọ lè ti kúrò ládùúgbò nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí kì í fi í kú sórí ìlà tó ṣe àṣìṣe náà. Ibòmíràn ló máa ń kú sí.

Wá fi ojú yìí wo ìwà mẹ́ta tí o rí. Ọ̀rọ̀ tí o kà láti inú fáìlì, list nìkan ló dì í mú, òǹkà rẹ̀ jẹ́ 1. Py_DECREF rẹ sọ ọ́ di òdo, àyè ti lọ, list ṣì ń nawọ́ sí òfìfo. Kò lè pẹ́ kí ó tó ṣubú. Ọ̀rọ̀ tí o kọ sínú kóòdù ní tirẹ̀, ó kéré tán ẹni méjì ló dì í mú: list rẹ, àti code object tí Python ṣe láti inú fáìlì .py rẹ, èyí tó ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kọ síbẹ̀. O yọ ọ̀kan, ó ku ọ̀kan, nítorí náà ìdáhùn rẹ jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Python bá ń palẹ̀ mọ́, ẹni àkọ́kọ́ tó bá jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà ló máa pa á, ẹnìkejì á wá kan òkú. Bí ó ṣe ń kú ní ìparí nìyẹn.

Èyí tó tàn ọ́ jẹ jù ni ti None àti àwọn nọ́ńbà. Láti Python 3.12, nípasẹ̀ PEP 683 (PEP ni ìwé àbá fún àyípadà nínú Python), àwọn nǹkan kan wà nínú CPython tí kì í kú: None, True, False, àti àwọn nọ́ńbà láti -5 dé 256 wà lára wọn. Òǹkà wọn kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. O lè fi Py_DECREF lù wọ́n títí di ọ̀la, wọn ò ní mira. O fi ohun tí kì í kú dán ohun tó ń pani wò, o wá parí èrò sí pé ọ̀rọ̀ ni Python kò lè gbé. Bí o bá ṣe ìdánwò kan náà lórí 3.11, None náà á kú, àmọ́ á pẹ́ díẹ̀, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló dì í mú. Nígbẹ̀yìn á kọ “deallocating None” sí ojú rẹ. Nígbà mìíràn tí o bá ń dán module C wò, fi ọ̀rọ̀ tí o kà láti inú fáìlì ṣe é, tàbí nọ́ńbà tó tóbi ju 256 lọ tí o ṣírò nígbà tí pùrógíráàmù ń lọ lọ́wọ́.

Má gbà mí gbọ́ lásán. Ṣe èyí lórí 3.12 rẹ, wàá sì fi ojú ara rẹ rí i:

```
>>> import sys, akaami
>>> oro = open("oro.txt", encoding="utf-8").read().split()
>>> w = oro[0]
>>> sys.getrefcount(w)
3
>>> n = akaami.ka(oro)
>>> sys.getrefcount(w)
2
```

Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni list, w, àti getrefcount fúnra rẹ̀ tó di ọ̀rọ̀ náà mú nígbà tó ń kà á. Lẹ́yìn tí a pe iṣẹ́ rẹ, list ṣì wà, w ṣì wà, ẹnikẹ́ni kò jọ̀wọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ ó ti di méjì. Ẹ̀rí kò ju báyìí lọ. Bí o bá ń fura sí module C èyíkéyìí, tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn, ìdánwò yìí ni kí o kọ́kọ́ ṣe.

Fún ìgbà tí kò bá hàn gbangba báyìí, irinṣẹ́ mẹ́ta ni mo máa ń mú dání. Èkíní ni `./python -X faulthandler idanwo.py`. Láti 3.3 ló ti wà nínú Python, kò sí ohun tí wàá fà wálẹ̀. Bí Python bá kú, ó máa sọ ìlà Python tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, dípò kí o rí “Segmentation fault” lásán. Èkejì ni debug build, Python tí a fi --with-pydebug kọ́ lókè. Nínú rẹ̀, gbogbo àyè tí CPython bá gbà padà ló máa ń fi byte DD kún. Bí o bá wá wọ gdb, irinṣẹ́ tó ń yẹ inú pùrógíráàmù wò, tí o rí 0xdddddddddddddddd níbi tó yẹ kí òǹkà wà, má wulẹ̀ máa wá ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá nínú kóòdù rẹ. Èmi fi ọjọ́ méjì gbáko wá a nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ohun tó ń sọ fún ọ ni pé òkú lo ń fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò bá ní debug build lè fi PYTHONMALLOC=debug ṣíwájú Python lásán, láti 3.6, yóò rí DD kan náà láti 3.8 síwájú. Ẹ̀kẹta ni gdb fúnra rẹ̀: fáìlì kan wà tó ń jẹ́ python-gdb.py tí make ń ṣe, bí gdb bá ti gbé e wọlé, wàá lè tẹ py-bt, yóò sì to àwọn ìlà Python fún ọ, kì í ṣe ti C nìkan.

Àtúnṣe rẹ kò ju kí o pa ìlà Py_DECREF yẹn rẹ́. Láti 3.13, wọ́n ti fi PyList_GetItemRef kún un. Ìyẹn kì í yáni, ó ń fúnni ní tòótọ́, nítorí náà bí o bá lò ó, Py_DECREF gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé Python tí kò ní GIL (àgádágodo tó ń jẹ́ kí thread kan ṣoṣo máa lo Python lẹ́ẹ̀kan), èyí tí PEP 703 mú wá, ti wọlé ní 3.13 fún ìdánwò. Níbẹ̀, thread mìíràn lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú list nígbà tí ìwọ tó yá a ṣì ń lò ó. Bí o bá ń bẹ̀rẹ̀ kóòdù tuntun lónìí, Ref ni kí o mú. Ìwé ìtọ́sọ́nà C API máa ń kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bóyá “Borrowed reference” ni tàbí “New reference”, àwọn kan tún wà tó ń gba tìrẹ lọ́wọ́ rẹ pátápátá: PyList_SetItem ń gbà á, PyList_Append kì í gbà á. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè há gbogbo rẹ̀ sórí. Máa ṣí ìwé wò.

Ti àmì ohùn. Unicode fún à ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E0, torí àwọn èdè Yúróòpù ń lò ó. Ẹ, ọ àti ṣ náà ní tiwọn: U+1EB9, U+1ECD, U+1E63. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ tó ní àmì lórí. Nítorí náà “ọ̀” jẹ́ méjì nínú Python: U+1ECD, lẹ́yìn náà U+0300 tó jẹ́ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Iṣẹ́ rẹ ń wá U+0300 àti U+0301 nìkan. Ó rí ti ọ̀ torí ó dá dúró, kò rí ti à torí ó ti wọnú lẹ́tà. Kódà ḿ ní nọ́ńbà tirẹ̀, m̀ kò ní. Bí o bá fi ojú wò wọ́n, ìyàtọ̀ kankan kò sí.

Ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ kí o tó kà á: `unicodedata.normalize("NFD", oro)`. NFD ń ya àmì kúrò lára lẹ́tà, NFC ń pa wọ́n pọ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe. “Bàtà” tó jẹ́ lẹ́tà 4 nínú NFC á di 6 nínú NFD, àmì méjèèjì á sì jáde. Ṣọ́ra, torí àmì tóótun abẹ́ ọ náà á jáde gẹ́gẹ́ bí U+0323, òun kì í ṣe àmì ohùn, má kà á mọ́ ọn. Àwọn kan sì ń fi U+0329, ilà kékeré tó dúró gbọnrangandan, sísàlẹ̀ dípò àmì tóótun. Ìwọ ni wàá pinnu ohun tí wàá ṣe sí ìyẹn. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ méjì dọ́gba, kó méjèèjì sínú NFC kí o tó fi == sí i láàárín. Python kò ní bá ọ ṣe é, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: kò yẹ kí èdè kọ̀ǹpútà máa yí ọ̀rọ̀ ènìyàn padà láìgba àṣẹ.

Nígbà wo ló wá jẹ́ tiwọn ní tòótọ́? Èmi ní ìwọ̀n kan tí kì í sábà tàn mí jẹ. Bí kóòdù rẹ bá jẹ́ Python lásán, tí kò sí module C ẹlòmíràn nínú rẹ̀, tí kò sí ctypes (tó ń jẹ́ kí Python pe kóòdù C), tó sì fún ọ ní “Segmentation fault”, tiwọn ni, wọ́n sì fẹ́ gbọ́. Bí ó bá ṣe ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí ìwé wọn kọ, tiwọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ló lè nílò àtúnṣe. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yà kan tí kò ṣiṣẹ́ ní èyí tó tẹ̀ lé e, kọ́kọ́ ka What's New ẹ̀yà náà, kí o wò ó bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó le, tó sì dùn jù: gígé kóòdù rẹ kúrú. Yọ ìlà kan, sáré e. Bí ó bá ṣì ń kú, ìlà náà kò jẹ̀bi. Bí kò bá kú mọ́, dá a padà. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku ìlà mẹ́wàá tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Nínú bug mẹ́wàá tí mo fẹ́ kọ sí wọn, ó lé ní ìdajì tí mo ti rí ẹ̀bi ara mi níbẹ̀ kí n tó gé e tán.

Bí ó bá ṣẹ́kù tí ó ṣì jẹ́ tiwọn, dán an wò lórí ẹ̀ka main, ibi tí kóòdù tuntun jù wà. 3.12 jáde ní Oṣù Kẹwàá 2023. Láti Oṣù Kẹrin 2025, ọ̀rọ̀ ààbò nìkan ni wọ́n ń tún ṣe nínú rẹ̀, títí di Oṣù Kẹwàá 2028. Bí bug rẹ kò bá sí nínú main mọ́, ẹlòmíràn ti tún un ṣe. Bí ó bá wà níbẹ̀, tí kò sì sí nínú ẹ̀yà àtijọ́, git bisect ló máa sọ commit, ìyẹn àyípadà kóòdù, tó mú un wá. Ó ń pín àwọn commit sí méjì ni ìgbà gbogbo, nítorí náà ẹgbẹ̀rún commit kì í gbà ju nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá lọ. Fi script yìí síta fódà cpython, kí o sì fún `git bisect run`:

```
#!/bin/sh
./configure --with-pydebug -q && make -s -j4 || exit 125
./python ../idanwo.py || exit 1
```

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, má yọ `|| exit 1` kúrò. Segmentation fault máa ń dá 139 padà, git bisect run sì máa ń dúró pátápátá bí ó bá rí nọ́ńbà tó ju 127 lọ. 125 ń sọ fún un pé commit yìí kò ṣeé kọ́, kí ó fò ó. Fún ọ̀rọ̀ data, má fi `--depth 1` fa cpython bí o bá fẹ́ ṣe bisect, torí kò ní sí ìtàn tí git máa pín. `git clone --filter=blob:none` ni kí o lò: ó ń kó gbogbo ìtàn wálẹ̀ láìkó fáìlì àtijọ́, á sì máa fa èyí tó bá nílò lẹ́yìn náà. Nítorí ìyẹn, jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní títàn nígbà tí bisect ń lọ.

GitHub ni wọ́n ń gba bug sí láti Oṣù Kẹrin 2022. Wá inú rẹ̀ ná, ẹlòmíràn lè ti kọ ọ́. Nígbà tí o bá ń kọ tìrẹ, fi kóòdù kúkúrú náà síbẹ̀, ohun tí o retí, ohun tí o rí, ohun tí `./python -VV` sọ, àti ẹ̀rọ tí o lò. Kọ ohun tó jáde ní ọ̀rọ̀, má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò kò ṣeé wá, kò ṣeé dà kọ. Ohun tó bá jẹ mọ́ ààbò, tí ẹlòmíràn lè fi jí nǹkan tàbí ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe ojútáyé ni a ń kọ ọ́ sí. Wọ́n ní ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ fún un, ó wà nínú fódà cpython fúnra rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ bíbá wọn ṣiṣẹ́. Má kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ńlá. Mọ ilé náà ná: Objects ni list, ọ̀rọ̀ àti dict ń gbé, Python ni ọkàn tó ń ṣe bytecode wà, Modules ni àwọn module C, Lib ni àwọn tí a fi Python kọ, Lib/test ni àwọn ìdánwò. Ohun tí mo máa ń fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣe ni kí wọ́n kọ́ Python ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lórí ẹ̀rọ ara wọn. Ṣí Grammar/python.gram, wá if_stmt. Wàá rí 'if' níbẹ̀. Fi ọ̀nà mìíràn kún un tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'bi', láìfi àmì sí i. Lọ sí compound_stmt, níbi tó kọ &'if' ṣíwájú if_stmt, sọ ọ́ di &('if' | 'bi'), torí bí o kò bá ṣe èyí, parser kò ní dé ibi tí o ṣe rárá. Tẹ `make regen-pegen`, kí o wá make. Ọjọ́ tí `bi 2 > 1: print("bẹ́ẹ̀ ni")` bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá mọ ọ̀nà tí kóòdù ń gbà láti ọ̀rọ̀ dé iṣẹ́.

Wàá tún rí i pé ẹnikẹ́ni kò lè pe variable rẹ̀ ní bi mọ́. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn. Nínú fáìlì yẹn, ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì kan ṣoṣo, bíi 'if', ti di ti èdè pátápátá. Èyí tó wà nínú àmì méjì, bíi "match", ṣì ṣeé lò fún orúkọ níbòmíràn. Nígbà tí match wọlé ní 3.10, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn kí kóòdù àtijọ́ tó ti ní orúkọ match má bàa bàjẹ́. Má fi 'bi' ránṣẹ́ sí wọn o. Ohun tó bá yí èdè padà ń gba PEP, Steering Council ẹlẹ́ni márùn-ún ló sì ń dá a lẹ́jọ́. Àmọ́ ẹni tó ti fọwọ́ kan grammar rí kì í bẹ̀rù fáìlì yòókù mọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n nílò jù tí ènìyàn kì í fẹ́ ṣe ni kí o mú bug tí ẹlòmíràn kọ, tí kò sẹ́ni tó tíì dáhùn, kí o dán an wò lórí main, kí o sì sọ ohun tí o rí. “Mo rí i lórí Ubuntu, mo gé e sí ìlà mẹ́fà, rèé” wúlò ju àròyé gígùn lọ. Lẹ́yìn náà, ìwé ìtọ́sọ́nà: ibi tí kò yé ọ nígbà tí o ń kà á, tún un kọ. Bí o bá wá ní àtúnṣe kóòdù, kọ ìdánwò tó ń kùnà láìsí àtúnṣe rẹ tó sì ń yege pẹ̀lú rẹ̀, sáré `./python -m test test_list`, kí o sì tún un sáré pẹ̀lú `-R 3:3` bí ó bá jẹ́ C, torí ìyẹn ló ń sọ bóyá òǹkà kan ń jò. Wàá buwọ́ lu ìwé àdéhùn olùkópa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wàá fi blurb kọ ìlà kan sí Misc/NEWS.d. Inú main ni àtúnṣe ń kọ́kọ́ wọ̀. Bot ló máa ń gbìyànjú láti gbé e lọ sí àwọn ẹ̀yà tó ṣì wà nínú ìtọ́jú.

Lẹ́yìn ìyẹn, wàá dúró. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Bí oṣù kan bá kọjá, kọ ìlà kan tó ní ọ̀wọ̀, kí o mú bug mìíràn nígbà tí o ń retí.

Ní báyìí ná, pa ìlà Py_DECREF yẹn rẹ́, fi NFD sí i, kí o tún sáré fáìlì ọ̀rọ̀ rẹ lórí debug build. “Ọ̀nà” gbọ́dọ̀ fún ọ ní 2, “bàtà” 2. Bí getrefcount bá jẹ́ 3 ṣáájú, tó sì jẹ́ 3 lẹ́yìn, kọ̀wé padà sí mi, kí n fún ọ ní bug kan tí a jọ máa wò.